Ẹ Má Gbé Iṣẹ́ Mì, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá yín rò, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú, torí ẹni a bá fẹ́ràn là ń bá wí. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìsọlọ̀ yà kí mi lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní iṣẹ́ ti dúró lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ṣé iná ọba ni àbí epo ló wọ́n? Ó ní rárá, Àǹtí, bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń di ọjà sí páálí ló fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tù ú nínú nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun wà nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, ẹ̀rọ kò dá wọn lóhùn. Mo wá bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, tí ìwọ àti bàbá ti jọ wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́?" Ó ní, "Àǹtí, bàbá yẹn kì í jẹ́ kéèyàn dúró ti òun tó bá ti ṣí ẹ̀rọ. Á ní ká lọ bá òun ra omi wá."

Mo mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó sì wà nínú yín tó ń múra àtidi irú rẹ̀. Ẹ rò pé bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lè lé yín. Láti kékeré la ti ń gbọ́ àlọ́ ológbò tó kọ́ ẹkùn ní gbogbo ọgbọ́n ọdẹ, tó wá fi igi gígùn pamọ́. Lọ́jọ́ tí ẹkùn yíjú sí i pé òun fẹ́ pa á jẹ, ó sáré gun igi, ó bọ́. Wọ́n máa ń pa àlọ́ yẹn fún wa bí ẹni pé ológbò ló gbọ́n jù láyé. Èmi kò fara mọ́ ọn mọ́. Àwọn oníṣègùn tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, tí wọ́n mọ ewé tí wọ́n fi ń tọ́jú gìrì, ọ̀pọ̀ wọn ló gbé e lọ sọ́run. Ọmọ wọn kò mọ̀ ọ́n, ará àdúgbò kò mọ̀ ọ́n. Ta ni ọgbọ́n ológbò yẹn ràn lọ́wọ́?

Kí ẹ lè rí bí ìmọ̀ ṣe ń ràn, ẹ jẹ́ n mú yín dé Kápà, ní Oṣòdì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Agége Mọ́tọ̀ Rọ́ọ̀dù kọjá lójoojúmọ́, tí ojú yín kì í kúrò lára fóònù, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO. Lọ́dún 1954 ni àwọn aṣojú Báńkì Àgbáyé tó wá yẹ ọrọ̀ ajé Nàìjíríà wò gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí ó dá ibi tí wọn yóò ti máa ṣèwádìí lórí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1956, ó ti dúró. Kò tíì sí òmìnira nígbà náà o. Oṣòdì tí a ń sọ yìí kò tíì ní afárá, kò tíì ní ibùdókọ̀ alájà tí ìjọba ṣí ní 2019. Ojú irin ọkọ̀ réluwé ló gbajúmọ̀ níbẹ̀.

Kí ni ọ̀kan lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Kápà kọ́kọ́ dojú kọ? Gàrí ni. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín dáadáa. Wọn kò bá òfìfo. Àwọn ìyá wa ti ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè jáde, wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó kan, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń yan án, kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ funfun wọ inú yàrá ìwádìí. Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá yẹn ni wọ́n gbé sórí tábìlì tí wọ́n ń bi léèrè: kí ló ń mú un kan, ìgbà wo ló kan tó, iná wo ló yẹ ẹ́. Ọ̀mọ̀wé I. A. Akínrèlé, tó di ọ̀gá níbẹ̀, kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí kíkan ẹ̀gẹ́ jáde fún gbogbo ayé ní 1964. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé bí a bá bu omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan tẹ́lẹ̀ sínú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, kò ní dúró di ọ̀pọ̀ ọjọ́ mọ́ kó tó kan, ó lè kan láàárín ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí iṣẹ́ ṣe ń ràn náà nìyẹn. Ẹni tó ti kan ni kí ẹ bù sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ẹ bá fọ àgbá mọ́ tónítóní, tí ẹ da gbogbo omi àtijọ́ nù, ẹ óò kàn dúró ni.

Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n dúró. Àwọn náà ló da sóyà pọ̀ mọ́ ọ̀gì, nítorí àwọn ọmọdé tí ikùn wọn ń wú, tí irun wọn ń pọ́n, tí ọ̀gì lásán kò tó fún. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí bí ẹmu ọ̀pẹ yóò ṣe pẹ́ nínú ìgò tí kò ní bàjẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀ ẹ lọ sí ilé mélòó kan ní Máfolúkú tàbí Ẹjìgbò kí ẹ bi ìyá ọlọ́mọ bóyá ó gbọ́ nípa ọ̀gì onísóyà tí wọ́n ṣe ní Oṣòdì níbí, tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Ohun tí mo rò sí i ni pé ìwé lè rìn jìnnà, ó lè dé Lọ́ńdọ̀nù, kó má dé ojúlé kejì. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọwọ́. Ìyá tí ẹnìkan bá dúró tì, tí wọ́n jọ ro ọ̀gì náà lórí ààrò rẹ̀, ìyẹn kò ní gbàgbé, á sì kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni yóò jẹ́ kó yé yín jù, kí n sì tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Jàmáíkà kan wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ojoojúmọ́ ní Èkó? Amos Shackleford ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ réluwé ló bá wá ní 1913. Lẹ́yìn náà ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1921. Ọkùnrin yẹn kò bí gbogbo oníbúrẹ́dì Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pò ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ni yóò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, tòun náà á sì tún gba ọmọṣẹ́. Bí búrẹ́dì ṣe dé gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò nìyẹn, títí tí ti Agége fi lókìkí.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Japan tí wọ́n ń pè ní Matsushita, èyí tí ẹ mọ̀ sí Panasonic lónìí. Ní bíi 1985 wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe búrẹ́dì nínú ilé. Wọ́n ṣe é, kò dùn. Ara rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ tútù. Wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rọ X-ray wo inú ìyẹ̀fun tí ẹ̀rọ pò àti èyí tí ọwọ́ ọ̀gá oníbúrẹ́dì pò, wọn kò rí ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàárín wọn, Ikuko Tanaka, ló wá ní àbá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá oníbúrẹ́dì òtẹ́ẹ̀lì kan ní Osaka. Obìnrin tó kàwé o, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà! Ó lọ, ó wọ épírọ́ọ̀nù, ó ń pò ìyẹ̀fun. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ọ̀gá náà kì í kàn fa ìyẹ̀fun lásán, ó máa ń lọ́ ọ bó ṣe ń fà á. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò lè fẹnu sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Tanaka gbé e padà wálé, òun àti àwọn ẹnjiníà sì jọ jókòó tì í títí wọ́n fi rí ohun tí wọn yóò ṣe sí inú ẹ̀rọ náà. Lọ́dún 1987 wọ́n kó o jáde, ọjà náà tà wàràwàrà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikujiro Nonaka ló sọ ìtàn yẹn fáyé gbọ́. Ní 1995 òun àti Hirotaka Takeuchi kọ odidi ìwé lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń dá ìmọ̀ sílẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé sì ń kà á bí ẹní ka ìwé mímọ́.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní ayé Ọbásanjọ́, ìjọba ní kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ mọ́ ti àlìkámà. Ní ayé Jonathan wọ́n tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ dìde, ààrẹ jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. FIIRO ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n sì kọ́ àwọn oníbúrẹ́dì. Ìmọ̀ wà, òfin wà. Ṣùgbọ́n òfin tó bá ń bá ìjọba wá tó sì ń bá ìjọba lọ kò lè mú kí oníbúrẹ́dì jí láago mẹ́ta òru kó tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kì í fà bíi ti àlìkámà, ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ bá a ṣọ̀rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ta ló dúró ti oníbúrẹ́dì Ọ̀kọta tàbí ti Ṣógúnlẹ̀ bí Tanaka ṣe dúró ti ọ̀gá rẹ̀? Ìyẹn ni ìbéèrè mi, mi ò sì tíì rí ẹni dá mi lóhùn.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Àǹtí, ayé ti yàtọ̀, gbogbo nǹkan ti wà lórí WhatsApp." Ẹ ń kó fọ́nrán síbẹ̀, ẹ̀yìn fọ́nrán lẹ sì ń sùn. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́, èmi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, bọ́tìnì ni wọ́n ní kí n máa rán. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ aṣọ kíká. Inú ń bí mi, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe ìránṣẹ́ lásán. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì tún pẹ́ ju ìyẹn lọ kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́ pé kí n gé aṣọ oníbàárà. Ìgbà tó yá ló tó yé mi pé ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìparí aṣọ lọ́pọ̀ ìgbà ti mọ bó ṣe yẹ kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí. Bí ó bá gé e wọ́, ó mọ ibi tí yóò ti dun ẹni tó ń ká a. Obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jean Lave lọ jókòó ti àwọn télọ̀ ní Monrovia, ní Làìbéríà, láàárín àwọn Vai àti Gola, ohun kan náà ló sì rí: bọ́tìnì àti etí aṣọ ni ọmọṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí, gígé ló kẹ́yìn. Òun àti Etienne Wenger gbé e sínú ìwé kan ní 1991, láti ìgbà náà sì ni ayé ti ń sọ pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí à ń rọ séèyàn lágbárí, pé inú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ lèèyàn ti ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti etí wọ àárín. Ọ̀gá mi ní Múṣín kò kàwé kankan, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ńdọ́ tó ń ké "Oṣòdì Òkè!" lẹ́nu ọ̀nà dánfó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá máa fi gba sítíárì, gbogbo ihò ojú ọ̀nà ti wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀gá sọ, ẹ̀yin tí ẹ ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lábẹ́ igi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù. Ọkùnrin kan, Julian Orr, tẹ̀lé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ àdàkọ Xerox ṣe ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ ti kọ ìwé tó nípọn fún wọn pé bí ẹ̀rọ bá ṣe báyìí, kí wọ́n ṣe báyìí. Ó wá rí i pé ìwé yẹn kì í tó wọn í lò. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun àárọ̀ pọ̀ ni wọ́n ti ń yanjú iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ẹ̀rọ tó yọ wọ́n lẹ́nu lánàá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1996. Bí ẹ bá sì dé Ládípọ̀, lẹ́bàá Oṣòdì níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, ẹ óò bá àwọn mẹkáníìkì lẹ́yìn iyán ọ̀sán, wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí. Ẹ lè rò pé ìjà ni. Ẹnìkan ń sọ bí jíà ṣe dá òun lóró, ẹnìkejì ní irọ́ ni, kì í ṣe jíà, ẹnìkẹta ní òun ti rí irú rẹ̀ rí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wọn lẹ́nu, iṣẹ́ lẹ pa.

Ẹ sì jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá: bàbá ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ nìkan kọ́. Ẹ mú ènìyàn wọ ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi kásúà, ẹ ò fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ọdún lọ, ọdún bọ̀, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wo géètì bóyá wọn yóò jẹ́ kó wọlé. Ẹ wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọdé tí owó oṣù rẹ̀ kéré ju tirẹ̀ lọ. Ṣé orí rẹ̀ dàrú ni? Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n tán ni ọjọ́ tí ẹ óò ní kó máa lọ sílé. Ìbẹ̀rù ló ń sọ ènìyàn di ológbò. Mo ti rí i nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní àdúgbò yìí nígbà ayé mi. Ẹni tó ń po aró níbẹ̀ máa ń dúró kí gbogbo ènìyàn kúrò kó tó bu ohun tó ń bù. Wọ́n yọ ọ́ lójijì nígbà tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù, pupa aṣọ wọn kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ aṣọ pọ̀ ní Ìsọlọ̀ nígbà kan, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjà Aswani tí ẹ ń lọ lọ́jọ́ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti lọ ṣa ọ̀kíríkà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ló ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló kó bá àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn, iná, aṣọ òkèèrè tó ń wọlé lọ́nà àìtọ́, owó tó wọ́n, mi ò sì ní sọ pé àìkọ́mọ níṣẹ́ ló pa wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ẹ̀rọ dúró, àwọn tó mọ ìhunṣọ nínú ọwọ́ wọn lọ ń ta ike àti bískíìtì, a kò sì bi ọ̀pọ̀ wọn léèrè ohun tí wọ́n mọ̀.

Ibùdó kan wà ní Oṣòdì kan náà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò máa fi jẹun lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ aṣọ ológun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé ẹnìkan mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ wá lọ, ó sì ń múra sílẹ̀ fún un. Ilé-iṣẹ́ yín náà mọ ọjọ́ tí bàbá ẹ̀rọ tiyín yóò lọ, ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fi ọmọ méjì tì í fún ọdún tó kẹ́yìn, kí ẹ fi kún owó rẹ̀ nítorí wọn, kí ẹ sì ṣèlérí fún un níwájú ẹlẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀? Ẹ̀bùn ni kí ẹ fún ẹni tó bá kọ́ ọmọ jáde. Láyé àtijọ́, ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù tí ọmọṣẹ́ ń gba òmìnira, ọ̀gá ni gbogbo èrò ń wò. Òun náà á wọ aṣọ tuntun, wọ́n á pọ́n ọn lé, torí wọ́n rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Mi ò ní kí ẹ má kọ nǹkan sílẹ̀ o. Ẹ kọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ FIIRO ní Kápà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran wà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ojú wọn fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé Braille. Ìwé àti ọwọ́ ni wọ́n ń lò pa pọ̀. Ìka kan náà tó ń ka ìwé ló ń hun agbọ̀n. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ni kó kọ ìwé yín, kì í ṣe ọ̀gá, torí ọ̀gá ti gbàgbé ohun tó ṣòro nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ kọ ọ́, kí ọ̀gá kà á, kó ní "ibí yìí kọ́", kí wọ́n jọ tún un ṣe.

Ọmọ àbúrò mi tó wá kí mi, mo ti sọ fún un: kó lọ sílé bàbá yẹn. Kó má lọ lọ́wọ́ òfìfo, kó ra iṣu dání, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní kí bàbá forí jì wọ́n nítorí bí wọ́n ṣe jẹ́ kó lọ láìdágbére. Kí ilé-iṣẹ́ sì fún bàbá ní owó iṣẹ́ gidi kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọmọ náà dúró tì í, kó má lọ ra omi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tó kù, FIIRO máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Kápà kí ẹ bi wọ́n nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìyá kan ládùúgbò yín tó ń yan gàrí dáadáa, ẹ mú un dání, kí ó jókòó níwájú, kí òun náà sì sọ tirẹ̀ fún wọn.